Ẹsẹ̀ Apọnmi Lókè Orí Wọn

Ẹ̀rọ tó ń fa omi fún àdúgbò wa bàjẹ́ lọ́jọ́ Ẹtì kan, ó sì di ọjọ́ Ìṣẹ́gun kí wọ́n tó rí i tún ṣe. Ọjọ́ mẹ́rin péré. Mo ra kẹ́ẹ̀gì mẹ́fà lọ́wọ́ mẹ́rúwà, mo ń fi ife wọn omi ìwẹ̀ bí ẹni ń wọn oògùn, mo sì ń bínú sí ẹni tó ṣẹ̀ àti ẹni tí kò ṣẹ̀. Lálẹ́ ọjọ́ kẹta, iná náà ti lọ, mo gbé fóònù dání, mo ń ka ìtàn bí Ivan Kẹrin, ọba Rọ́ṣíà, ṣe gba ìlú Kazan, lẹ́bàá odò Volga, lọ́wọ́ àwọn Tatar, ìran mùsùlùmí tó ń jọba níbẹ̀, ní 1552. Ìtàn tí mo rò pé mo ti mọ̀ ni. Kí oorun lè kùn mí ni mo ṣe ń kà á.

Ibẹ̀ ni mo ti bá gbólóhùn kan pàdé tí kò jẹ́ kí n sùn mọ́. Àwọn ọmọ ogun Rọ́ṣíà ń gbẹ́ ihò lábẹ́ odi ìlú, wọ́n sì gbẹ́ ẹ títí wọ́n fi ń gbọ́ ohùn àwọn èèyàn lókè orí wọn. Àwọn tó ń lọ pọn omi ni wọ́n ń gbọ́.

Ó ti lé ní oṣù kan báyìí, omi sì ti dé sílé wa tipẹ́, ṣùgbọ́n ohùn yẹn ò kúrò létí mi. Mo ń wo ẹni tó ru omi, tó ń bá ẹnì kejì rẹ̀ sọ̀rọ̀ lójú ọ̀nà, bóyá ọ̀rọ̀ ọmọ tó ń ṣàìsàn, bóyá ti ìyàwó ilé tó ń yọ èèyàn lẹ́nu. Mo tún ń wo ẹni tó kúnlẹ̀ sínú òkùnkùn lábẹ́ ẹsẹ̀ wọn, tó fi etí lélẹ̀, tó ń ka iye ìṣísẹ̀ wọn. Nínú gbogbo ogun tí mo ti kà, mi ò rí ibi tí ọ̀tá àti ẹni tí wọ́n fẹ́ pa ti sún mọ́ ara wọn tó bẹ́ẹ̀ tí ẹnì kan ò sì mọ̀.

Odò tí wọ́n ń wò lókèèrè

Mi ò ní ro ìtàn àwọn khan, ìyẹn àwọn ọba Kazan, láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ ṣáà rántí pé ìjọba Kazan ti lé ní 100 ọdún nígbà náà, pé Mọ́sìkò, olú ìlú Ivan ní Rọ́ṣíà, ti gbógun tì í lẹ́ẹ̀mejì láàárín ọdún mélòó kan tí òtútù àti yìnyín tó ń yọ́ sì lé wọn padà, àti pé lọ́dún 1551 ni wọ́n dọ́gbọ́n mìíràn. Wọ́n lọ gé igi lókè odò Volga, nítòsí Uglich, wọ́n gbẹ́ ẹ, wọ́n sàmì sí i lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n kó o sórí omi, wọ́n sì lọ tò ó papọ̀ di ìlú olódi lẹ́bàá Kazan kí oṣù kan tó pé. Sviyazhsk ni wọ́n pe ibẹ̀. Ẹni tó jí tó bá odi ọ̀tá ní ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ láàárín oṣù kan, ogun ti dé bá a nìyẹn, bí ìbọn ò tiẹ̀ tíì dún.

Ní 23 oṣù Kẹjọ 1552, gẹ́gẹ́ bí kàlẹ́ńdà ayé ìgbà náà, wọ́n yí ìlú náà ká. Ìwé ìtàn àtijọ́ ní ọmọ ogun Ivan tó 150,000, pẹ̀lú ìbọn ńlá 150. Àwọn onímọ̀ ìtàn òde òní ò fara mọ́ iye èèyàn yẹn, wọ́n ní àsọdùn wà níbẹ̀, èmi náà sì rò bẹ́ẹ̀. Àwọn tó wà nínú ìlú jẹ́ nǹkan bí 30,000. Odi wọn jẹ́ ìtì igi líle tí wọ́n fi òkúta àti amọ̀ dí àárín rẹ̀, ó sì le. Yapancha, balógun wọn, wà nínú igbó lẹ́yìn ìlú pẹ̀lú àwọn ẹlẹ́ṣin, ó máa ń yọ sí àwọn ará Rọ́ṣíà lẹ́yìn, títí wọ́n fi tan án jáde lọ́jọ́ kan tí wọ́n sì fọ́ ẹgbẹ́ rẹ̀.

Odò Kazanka ń ṣàn gba ìdí òkè tí ìlú náà wà. Láti orí odi, ó kàn wà nísàlẹ̀ níbẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n láti ìbẹ̀rẹ̀ ni ọmọ ogun Rọ́ṣíà ti gba etí odò náà, kò sí ẹni tó lè gbé ìkòkò jáde lọ síbẹ̀. Síbẹ̀ ọjọ́ ń gorí ọjọ́, òùngbẹ ò mú ìlú. Ẹṣin wọn ń mu, àwọn jagunjagun ń mu, wọ́n ń jáde wá jà, wọ́n ń padà wọlé. Ivan, ọmọ ọdún 22 nígbà náà, wá bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè ìbéèrè tí obìnrin tó ń pọn omi ì bá ti béèrè láti ọjọ́ kìn-ín-ní: níbo ni àwọn èèyàn yìí ti ń rí omi?

Àwọn tó dáhùn

Ó pe oríṣi èèyàn méjì láti bi. Ọ̀kan ni Kamay, ọmọ ìjòyè Tatar tó sá jáde kúrò ní Kazan wá bá a ní ìbẹ̀rẹ̀ ogun pẹ̀lú èèyàn méje. Èkejì ni àwọn ọmọ Rọ́ṣíà tí wọ́n ti wà lẹ́rú nínú ìlú náà, tí wọ́n sì rí ọ̀nà sá jáde. Ìdáhùn wọn kò ju gbólóhùn kan lọ: ìsun kan wà ní bèbè odò Kazanka, nítòsí ẹnubodè Nur Ali, abẹ́ ilẹ̀ ni wọ́n ń gbà dé ibẹ̀.

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti máa ń fa òwe yọ, èmi náà ti fà á yọ kí n tó ronú: bí ikú ilé ò pani, tòde ò lè pani. Tó bá jẹ́ ti Kamay nìkan ni, mo lè gbà. Ọmọ onílé ni, ó mọ ohun tó ń ṣe, òun kọ́ sì ni ẹni àkọ́kọ́. Láti ọdún púpọ̀ ni Kazan ti pín sí méjì, apá kan ń wo Mọ́sìkò, apá kan ń wo Crimea, ìjọba Tatar mìíràn ní gúúsù. Shah Ali, tó ti jọba Kazan lẹ́ẹ̀mẹta, wà nínú àgọ́ Ivan pẹ̀lú àwọn ọmọ ogun Tatar tirẹ̀ nígbà tí wọ́n ń yìnbọn lu odi ìlú tó ti jókòó sórí ìtẹ́ rẹ̀. Nítorí náà, ẹni tó bá sọ fún yín pé ogun Rọ́ṣíà àti Tatar ni èyí, tàbí ogun mùsùlùmí àti krìsìtẹ́nì, ó ti gé ìtàn náà kúrú fún yín.

Àwọn ẹrú yẹn ni ọ̀rọ̀ wọn ń jẹ mí lọ́kàn. Ẹni tí wọ́n fi okùn mú wọlé, ṣé ará ilé ni? Ikú ilé wo ni tirẹ̀?

Ẹ jẹ́ ká fojú inú wo ìlú náà dáadáa. Fún ọ̀pọ̀ ìran ni àwọn ẹlẹ́ṣin Kazan ti ń ya wọ abúlé Rọ́ṣíà, tí wọ́n ń kó èèyàn. Wọ́n ta àwọn kan lọ sí ọ̀nà jíjìn, wọ́n fi àwọn kan ṣiṣẹ́ ilé àti oko. Lọ́dún 1551, tí Mọ́sìkò fi Shah Ali jẹ khan fún ìgbà kẹta, ohun tí wọ́n kọ́kọ́ béèrè ni kí wọ́n dá gbogbo ẹrú Rọ́ṣíà sílẹ̀. Wọ́n dá ọ̀pọ̀ sílẹ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ìròyìn ń dé Mọ́sìkò pé àwọn olówó kan ti de àwọn tiwọn mọ́lẹ̀, wọ́n fi wọ́n pamọ́ sínú kòtò, kí wọ́n má bàa pàdánù wọn.

Nínú irú ìlú bẹ́ẹ̀, ta ni ẹ rò pé ó ń pọn omi? Ní ayé ogun tiwa, nígbà tí agbo ilé àwọn balógun Ìbàdàn kún fún àwọn tí wọ́n kó lógun, kì í ṣe ìyáálé ló ń tètè jí lọ sódò. Ẹni tó ń ru omi ló mọ ibi tí ọ̀nà ti ń yọ̀, ó mọ iye àtẹ̀gùn, ó mọ ibi tí òrùlé ihò ti kéré. Onílé mọ̀ pé omi wà nínú ìkòkò, ó tán. Mi ò lè gbé ìwé kankan sílẹ̀ tó sọ pé àwọn tó bá Ivan sọ̀rọ̀ yẹn ti ru omi gba ọ̀nà náà rí. Ohun tí mo mọ̀ ni pé wọ́n mọ̀ ọ́n, wọ́n sì júwe rẹ̀ fún un.

Ẹni tó da omi síwájú ló ń tẹ ilẹ̀ tútù. Kazan da nǹkan mìíràn síwájú.

Àgbá 11

Iṣẹ́ náà kò dà bí èyí tó le lójú àwọn balógun. Ọ̀gá onímọ̀ iṣẹ́ ihò, ará ilẹ̀ òkèèrè tí Ivan gbà síṣẹ́, ti ń gbẹ́ ihò ńlá mìíràn tí wọ́n fẹ́ fi fọ́ odi, wọn ò fẹ́ kó kúrò lórí ìyẹn. Àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ ni wọ́n yàn sí ti omi. Vasily Serebryany àti Alexei Adashev, àyànfẹ́ ọba, ń mójú tó wọn. Ilé ìwẹ̀ olókùúta kan tó wà lẹ́yìn odi ni wọ́n fi bojú, wọ́n gbẹ́ ilẹ̀ láti inú rẹ̀ lọ sí ìsàlẹ̀ ọ̀nà náà. Ilé ìwẹ̀! Ibi tí àwọn ará Kazan ti ń lọ da omi sára nígbà tí nǹkan ṣì rọ̀.

Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì tí wọ́n dé Kazan tí àwọn tó ń gbẹ́ ihò fi gbọ́ ohùn. Wọ́n ránṣẹ́ sí ọba pé wọ́n ti dé ibẹ̀, pé àwọn tó gbé omi ń kọjá lórí àwọn. Ọba ní kí wọ́n yí àgbá ẹ̀tù 11 wọ ibẹ̀.

Mo máa ń dúró sí àárín gbólóhùn méjèèjì yẹn. Yíyí àgbá ẹ̀tù gba inú ihò tóóró kì í ṣe iṣẹ́ ìṣẹ́jú kan, wọn ò sì lè pariwo. Ní gbogbo àkókò yẹn, àwọn apọnmi ń lọ, wọ́n ń bọ̀. Àwọn tó wà nísàlẹ̀ ti lè máa dá ohùn kan mọ̀ yàtọ̀ sí òmíràn. Tó bá jẹ́ pé ẹrú Rọ́ṣíà ṣì wà lára àwọn tó ń pọn omi náà, á jẹ́ pé èdè tiwọn gan-an ni wọ́n ń gbọ́ lókè.

Ní 4 oṣù Kẹsàn-án, wọ́n tanná ràn án. Ọba wá wòran. Ọ̀nà omi fò lọ pẹ̀lú àwọn tó wà nínú rẹ̀, apá kan odi ìlú wó tẹ̀ lé e, ìtì igi àti òkúta ń já bọ́ lójú ọ̀run, wọ́n ń pa àwọn èèyàn láàárín ìlú. Àwọn ọmọ ogun Rọ́ṣíà sáré gba ojú ihò náà wọlé, wọ́n sì pa ọ̀pọ̀ èèyàn kí àwọn ará ìlú tó lé wọn jáde.

Bí wọ́n bá bi àwọn ọmọ iléèwé pé ọjọ́ wo ni Kazan ṣubú, 2 oṣù Kẹwàá ni wọ́n máa kọ, olùkọ́ á sì fún wọn ní máàkì. Ní tèmi, 4 oṣù Kẹsàn-án ni. Èyí tó kù, sísin òkú ni.

Òjò tó ń rọ̀ sí ibi tí kò yẹ

Ẹ jẹ́ kí n yà díẹ̀ síbí, torí ọ̀rọ̀ yìí ń pa mí lẹ́rìn-ín, ó sì ń dùn mí. Andrei Kurbsky, ọ̀dọ́ balógun kan tó jà níbẹ̀, tó wá di ọ̀tá Ivan lẹ́yìn náà tó sì sá kúrò nílùú, kọ ohun tó rí sílẹ̀. Ó ní láràárọ̀ tí oòrùn bá ń yọ, àwọn àgbà ọkùnrin àti obìnrin Kazan máa ń jáde sórí odi, wọ́n á máa kígbe, wọ́n á máa gbọn aṣọ wọn sí apá àgọ́ Rọ́ṣíà. Kò ní pẹ́, òjò á dé. Bí ojú ọ̀run ṣe mọ́ tó, á ṣú. Ilẹ̀ tó gbẹ á di ẹrẹ̀. Orí àwọn nìkan ló sì ń rọ̀ sí! Ọba ní láti ránṣẹ́ sí Mọ́sìkò kí wọ́n gbé àgbélébùú kan tí wọ́n kà sí mímọ́ wá, wọ́n fi ya omi sí mímọ́, wọ́n wọ́n ọn káàkiri, òjò sì dá.

Kurbsky kì í ṣe aláìmọ̀wé, ó gbà á gbọ́ pátápátá. Àwa tí a ti rí àwọn tó ń so òjò nítorí ayẹyẹ kò ní bá a jiyàn púpọ̀. Ohun tí mo kàn ń rò ni pé inú àgọ́ Rọ́ṣíà, omi ń gbé bàtà lọ. Ìjì ti kọ́kọ́ da àgọ́ wọn wó, tí ti ọba pàápàá wà níbẹ̀, ó tún fọ́ ọkọ̀ oúnjẹ wọn lórí Volga. Nínú odi tí wọ́n yí ká, àwọn èèyàn ń wá omi mu.

Omi tó ń rùn

Nígbà tí ọ̀nà omi ti bàjẹ́, àwọn kan nínú ìlú sọ pé kí wọ́n túúbá. Àwọn mìíràn kọ̀, tiwọn ló sì ṣẹ. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́ ilẹ̀ kiri inú ìlú títí wọ́n fi rí ìsun kékeré kan, tó ń rùn. Òun ni wọ́n ń mu títí dé òpin. Ìwé ìtàn sọ pé ara àwọn èèyàn ń wú, wọ́n ń ṣàìsàn, wọ́n ń kú.

Láti 4 oṣù Kẹsàn-án sí 2 oṣù Kẹwàá jẹ́ ọjọ́ 28. Mo ti sọ fún yín bí ọjọ́ mẹ́rin tèmi ṣe rí, pẹ̀lú mẹ́rúwà lẹ́nu ọ̀nà.

A máa ń sọ pé omi ò lọ́tàá. Mo ti gbọ́ ọ títí kò fi wọ̀ mí létí mọ́, mo máa ń rò pé ìyìn lásán ni. Ní Kazan ni mo ti rí apá kejì rẹ̀. Omi ò lọ́tàá, ṣùgbọ́n òun náà ò mọ ọ̀rẹ́. Ẹni tó bá mọ ọ̀nà rẹ̀ ló ń ṣe tirẹ̀.

Síbẹ̀ wọ́n jà. Ohun tó yà mí lẹ́nu jù nìyẹn. Àwọn ará Rọ́ṣíà fi igi kan ilé ìṣọ́ tó ga ju odi lọ, wọ́n gbé ìbọn sórí rẹ̀, wọ́n ń yìn ín wo inú àdúgbò. Àwọn ará ìlú gbẹ́ kòtò sábẹ́ odi, wọ́n ń gbé inú rẹ̀, wọ́n sì ń yọ jáde láti jà. Ní ọjọ́ kan ṣoṣo ṣáájú òpin, Ivan tún rán Kamay sí wọn pé kí wọ́n túúbá, òun á dárí jì wọ́n. Wọ́n dáhùn pé àwọn ò ní foríbalẹ̀. Bí ọmọ Rọ́ṣíà bá wà lórí odi, àwọn á mọ odi mìíràn. Pẹ̀lú omi wo ni wọ́n fẹ́ fi po amọ̀ rẹ̀, èmi ò mọ̀.

Ẹnubodè kan náà

Ní òwúrọ̀ 2 oṣù Kẹwàá, tí í ṣe 12 nínú kàlẹ́ńdà tiwa, àgbá ẹ̀tù 48 bú gbàù lábẹ́ odi. Ìyókù di ìjà òpópónà sí òpópónà. Kul Sharif, olórí àwọn àlùfáà, kú nínú ìjà pẹ̀lú àwọn tó tẹ̀ lé e. Ivan pàṣẹ pé kí wọ́n pa àwọn ọkùnrin tó gbé ohun ìjà, kí wọ́n kó àwọn obìnrin àti ọmọdé. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ẹrú Rọ́ṣíà gba òmìnira lọ́jọ́ náà, àwọn obìnrin Kazan sì di ẹrú lọ́jọ́ náà. Mi ò mọ bí èèyàn ṣe ń yọ̀ nínú irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ láìfi ojú kan dì.

Nígbà tí ọba fẹ́ wọ ìlú, òkú ti kún gbogbo ọ̀nà. Agbára káká ni wọ́n fi pa òpópónà kan ṣoṣo mọ́ fún un. Ẹnubodè Nur Ali ni òpópónà náà ti bẹ̀rẹ̀, ibi tí ọ̀nà omi wà.

Ilé ìṣọ́ funfun kan wà níbẹ̀ títí dòní nínú odi Kremlin, ìyẹn àárín ìlú olódi, ti Kazan. Taynitskaya ni wọ́n ń pè é, orúkọ tó wá láti ara ọ̀nà ìkọ̀kọ̀ tí wọ́n ń gbà lọ pọn omi. Àwọn àlejò ń gba abẹ́ rẹ̀ wọlé láti ẹ̀gbẹ́ odò, wọ́n ń lọ ya fọ́tò mọ́sálásí Kul Sharif tí wọ́n tún kọ́ tí wọ́n sì ṣí ní 2005, wọ́n ń lọ wo ilé ìṣọ́ Süyümbike tó fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ìtàn tí wọ́n ń sọ ni pé ọbabìnrin Süyümbike fò láti orí rẹ̀ kí Ivan má bàa fẹ́ ẹ. Kò rí bẹ́ẹ̀. Wọ́n ti mú un lọ sí Mọ́sìkò láti 1551 pẹ̀lú ọmọ rẹ̀ kékeré, àwọn èèyàn rẹ̀ ló fà á kalẹ̀, ẹ̀yìn ogun yìí ni wọ́n sì kọ́ ilé ìṣọ́ náà. Ṣùgbọ́n àwọn Tatar kan ti máa ń pé jọ ní oṣù Kẹwàá ọdọọdún láti rántí òkú 1552, mi ò sì lè dá wọn lẹ́bi tí wọ́n bá yan obìnrin tó fò láti rántí dípò èyí tí wọ́n fà kalẹ̀. Àwọn apọnmi ni kò ní ìtàn àròsọ kankan.

Ife ìkẹyìn

Ó ku ẹgbẹ́ kan tó jà dé orí odi lọ́jọ́ tí ìlú ṣubú, tó sì rí i pé ó ti tán. Wọ́n fa Yadegar, khan wọn, lé àwọn ará Rọ́ṣíà lọ́wọ́ láàyè. Ohun tí wọ́n sọ ni pé nígbà tí ìjọba ṣì dúró, àwọn jà nítorí ìtẹ́. Ní báyìí, ẹ gba ọba, àwa fẹ́ jáde sí pápá láti bá yín mu ife ìkẹyìn.

Ife ìkẹyìn. Ẹni tó ti ń mu omi rírùn fún ọjọ́ 28 ló ń sọ ọ́.

Wọ́n sọ̀ kalẹ̀ láti orí odi sí apá odò. Ìbọn bẹ̀rẹ̀ sí í dún sí wọn láti òdìkejì. Wọ́n yípadà sísàlẹ̀ bèbè, wọ́n bọ́ ẹ̀wù irin tó wúwo lọ́rùn wọn, wọ́n bọ́ bàtà, Kurbsky àti arákùnrin rẹ̀ sì ń bọ̀ lórí ẹṣin. Níbẹ̀ ni wọ́n ti rọ́ wọ inú Kazanka, odò tí wọ́n ti ń wò láti orí odi láti oṣù Kẹjọ. Òtútù oṣù Kẹwàá ti mú un, kò jìn, ó sì mọ́.

Mo máa ń rí ọ̀kan nínú wọn tó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ sí omi.